Bí Dúdú Ṣe Ń Dú Lórí Fọ́tò

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé kìíní àti ìwé kejì tán, tí ẹ sì ti ń dá gbólóhùn kà láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ̀yin ni a kọ ẹ̀kọ́ yìí fún. Iṣẹ́ ọwọ́ ni a ó fi kàwé lónìí. Iṣẹ́ náà ni títẹ fọ́tò lórí ẹ̀rọ tí ń fi íǹkì tẹ àwòrán.

Láyé àtijọ́, inú ilé òkùnkùn ni ayàwòrán ti ń fọ fọ́tò. Omi oògùn ni ó ń lò. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré kan ń bẹ lórí tábìlì, kọ̀ǹpútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bébà ń wọlé níhìn-ín, fọ́tò ń jáde lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà tí àwọn oníbàárà máa ń rò lójoojúmọ́. Wọ́n á ní: “Bọ̀dá fótò, kí ló dé tí dúdú inú fọ́tò yìí kò dú?”

Ẹ jẹ́ kí a wádìí ẹjọ́ náà.

1. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì

Ẹ wo ìyá kan tí ó fẹ́ ṣe òkú bàbá rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ni ó kù nílé. Bàbá wọ agbádá etù nínú rẹ̀, ó dé fìlà dúdú, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Ìyá náà fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, kí àwọn èrò lè rí i lọ́jọ́ ìnáwó. Nígbà tí fọ́tò jáde, etù ti di àwọ̀ eérú. Fìlà dà bí ìgbà tí wọ́n bu èéfín lù ú. Ojú bàbá rí bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn ìkùukùu.

Ìyá yìí kò lè ní kí bàbá padà wá jókòó fún fọ́tò mìíràn. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ni a ó lò. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ni yóò lè tẹ ojú bàbá náà jáde bí ó ti rí gan-an. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò tẹ ọ̀kan, yóò fà á ya, yóò tún tẹ òmíràn. Owó ni bébà fọ́tò, owó sì ni íǹkì. Bí a bá ba bébà mẹ́ta jẹ́ kí a tó rí ọ̀kan tó dára, níbo ni èrè wà?

2. Kí ni dúdú?

Àwọn àgbà ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ní ti fọ́tò, ara bébà funfun ni dúdú ti ń jáde. Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sórí bébà funfun, bébà náà yóò dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà sí ojú wa. Ìdí nìyí tí a fi rí i ní funfun. Bí a bá ta íǹkì dúdú sí i, íǹkì yóò gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò padà sí ojú wa. Bí ohun tó ń padà bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni dúdú yóò ṣe dú tó. Dúdú tí ó dú kirikiri bíi kóró iṣin, ìmọ́lẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ padà lára rẹ̀ rárá.

Ẹ rò ó báyìí. Ẹ pín ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí fọ́tò sí ọ̀nà 200. Lórí bébà ṣákálá tí a fi ń kọ lẹ́tà, níbi tí íǹkì ti dú jù, nǹkan bí ọ̀nà 15 sí 20 ni yóò padà sí ojú wa. Lórí bébà fọ́tò tí kò dán, tí ó dára, nǹkan bí ọ̀nà 5 ni yóò padà. Lórí bébà fọ́tò dídán, tí ó dára, ó lè jẹ́ ọ̀nà 1 péré. Íǹkì lè jẹ́ ti ilé kan náà, ẹ̀rọ lè jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n dúdú wọn kò ní rí bákan náà.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Ẹ wo títì ọ̀dà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó rí bí eérú. Ẹ tún wò ó nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó ti dú, ó ń dán. Ọ̀dà kò yí padà. Nígbà tí ojú títì gbẹ tí ó sì rí ṣákaṣàka, ó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń wọ ojú wa. Nígbà tí omi bo ojú rẹ̀, tí ó tẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ ń ta lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, dúdú abẹ́ rẹ̀ sì hàn. Bébà dídán dà bíi títì tí òjò pa. Bébà tí kò dán dà bíi títì tí ó gbẹ.

Èyí kò sọ pé bébà tí kò dán kò dára. Ó dára fún fọ́tò tí a fẹ́ gbé kọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀, nítorí pé kì í kọ mànà sí ènìyàn lójú. Ṣùgbọ́n kí oníbàárà má retí dúdú kirikiri lára rẹ̀.

3. Ojú bébà àti ẹ̀yìn bébà

Bébà fọ́tò ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Wọ́n fi nǹkan funfun kan pa ojú rẹ̀, èyí tí ń di íǹkì mú kí ó má baà rì wọ inú bébà lọ. Bí íǹkì bá rì lọ, dúdú yóò ṣá. Bí a bá sì tẹ fọ́tò sí ẹ̀yìn bébà, òfo ni.

Lára bébà dídán, a lè fi ojú mọ̀ ọ́n kíá. Lára èyí tí kò dán, ó lè ṣòro. Ẹ fi omi díẹ̀ tọ́ ìka yín, kí ẹ fi kan igun bébà náà ní ojú méjèèjì. Ojú tí ó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìka, òun ni ojú tí a ń tẹ̀. Igun nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn, kì í ṣe àárín.

4. Íǹkì aláró àti íǹkì oníyẹ̀fun

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń re aró, ẹ̀kọ́ yìí yóò yé yín ju gbogbo wa lọ. Irú íǹkì méjì ni ó wà.

Èkíní dà bí aró. Ó yòrò sínú omi pátápátá, ó sì ń wọ ara bébà bí aró ti ń wọ ara aṣọ. Ẹ ó rí ọ̀rọ̀ yìí lára ìgò rẹ̀: Dye. Èkejì dà bí ẹfun tí a pò mọ́ omi. Ìyẹ̀fun rẹ̀ kúnná púpọ̀, ṣùgbọ́n kò yòrò. Orí bébà ni ó ń jókòó sí. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lára ìgò tirẹ̀ ni: Pigment. Íǹkì aláró máa ń dán, ó sì dára lórí bébà dídán. Íǹkì oníyẹ̀fun kì í tètè ṣá nínú oòrùn.

Nínú àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ń lo íǹkì oníyẹ̀fun, íǹkì dúdú méjì ni ó máa ń wà. Photo Black ni ti bébà dídán. Matte Black ni ti bébà tí kò dán. Bí a bá lo Photo Black lórí bébà tí kò dán, dúdú yóò rí bí eérú. Bí a bá lo Matte Black lórí bébà dídán, kò ní dì mọ́ ọn dáadáa. Bí a bá fi ọwọ́ rà á, yóò bó.

Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Canon G3000 jẹ́ ọ̀kan. Dúdú rẹ̀ jẹ́ oníyẹ̀fun fún ìwé kíkọ, àwọ̀ mẹ́ta yòókù sì jẹ́ aláró. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó bá ń tẹ̀ sórí bébà dídán, àwọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí ni ó máa ń pò pọ̀ láti fi ṣe dúdú: búlúù, pupa, àti yẹ́lò. Epson L805 ní tirẹ̀ ní íǹkì aláró mẹ́fà, dúdú sì wà nínú wọn.

Ẹ̀yin aláró, ẹ mọ̀ pé bí aṣọ bá ṣe ń wọ inú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa dú sí i. Bébà kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bébà ní ìwọ̀n ohun tí ó lè gbà. Bí íǹkì bá pọ̀ jù, yóò dá adágún, yóò pẹ́ kí ó tó gbẹ, dúdú náà yóò sì máa kọ bí idẹ. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀pọ̀ íǹkì ni àṣírí dúdú, bí kò ṣe ìwọ̀n íǹkì tó bá bébà mu.

5. Ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì tí ó yẹ kí a lè kà

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bí ọ̀gá kan àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀.

ỌMỌ IṢẸ́: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo fọ́tò yìí. Dúdú rẹ̀ kò dú. Àfi bí ẹni pé íǹkì wa ti bàjẹ́.

Ọ̀GÁ: Bébà wo lo fi sí i?

ỌMỌ IṢẸ́: Bébà dídán ni, sà.

Ọ̀GÁ: Ẹ̀rọ ńkọ́? Ṣé o sọ fún un pé bébà dídán ni?

ỌMỌ IṢẸ́: Háà! Ṣé ẹ̀rọ kò rí i fúnra rẹ̀ ni?

Ọ̀GÁ: Kò rí i. Ohun tí o bá sọ fún un ló gbà gbọ́. Wo ojú kọ̀ǹpútà. Kà á síta.

ỌMỌ IṢẸ́: Paper Type... Plain Paper.

Ọ̀GÁ: O rí i? O ti sọ fún un pé bébà ṣákálá ni. Ó rò pé bébà náà yóò mu íǹkì yó, ló bá dín íǹkì kù. Yan bébà dídán, kí o tún un tẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Íǹkì kò bàjẹ́, ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni a kò kà. Paper Type ni ibi tí a ti ń sọ irú bébà fún ẹ̀rọ. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní Media Type. Bí ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀ bá jẹ́ Plain, bébà ṣákálá ni. Bí ó bá jẹ́ Glossy, bébà dídán ni. Bí ó bá jẹ́ Matte, bébà tí kò dán ni. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mọ ìwọ̀n íǹkì tí yóò lò. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, ibẹ̀ náà ni ó ti ń mọ dúdú tí yóò mú. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ọ̀rọ̀ kejì: Quality. High ni kí ẹ yàn fún fọ́tò.

Ohun kan tún kù fún àwọn tí ń lo Photoshop. Ó yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe àkóso àwọ̀, yálà Photoshop tàbí ẹ̀rọ. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń ṣe é, àwọ̀ yóò dàrú. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún Photoshop, ẹ pa ti ẹ̀rọ, ẹ yan fáìlì àwọ̀ tí ó jẹ́ ti bébà yín, kí ẹ sì fi àmì sí ibi tí wọ́n kọ Black Point Compensation sí. Òun ni yóò mú kí dúdú tó dú jù nínú fọ́tò bọ́ sí orí dúdú tó dú jù tí bébà náà lè gbé jáde.

6. Ẹ yẹ ihò íǹkì wò

Orí ẹ̀rọ ní àwọn ihò tín-tìn-tín tí íǹkì ń gbà jáde. Bí díẹ̀ nínú wọn bá dí, dúdú yóò ní ìlà funfun, tàbí kí ó yí padà di àwọ̀ mìíràn. Ní ti ẹ̀rọ tí ń fi àwọ̀ mẹ́ta ṣe dúdú, ẹ lè fi ojú mọ ihò tí ó dí. Bí dúdú bá ń pọ́n, búlúù ni kò jáde dáadáa. Bí ó bá ń ṣe bí ewé, pupa ni kò jáde. Bí ó bá ń ṣe bí búlúù, yẹ́lò ni kò jáde.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá, ẹ tẹ Nozzle Check sórí bébà ṣákálá. Bí ìlà kan bá já, ẹ fọ orí ẹ̀rọ, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò yí padà, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí ó sinmi di ọjọ́ kejì. Fífọ̀ léraléra ń jẹ íǹkì. Tìmùtìmù kan wà nínú ẹ̀rọ tí ń gba íǹkì tí a fi fọ̀ ọ́. Òun náà a máa kún. Ní àkókò ọyẹ́, íǹkì a máa tètè gbẹ sínú ihò. Ẹ tẹ fọ́tò kékeré kan lọ́sẹ̀, bí iṣẹ́ kò bá tilẹ̀ sí.

7. Dúdú kì í ṣe òkùnkùn

Àwọn kan, bí dúdú kò bá dú, wọn a mú gbogbo fọ́tò ṣókùnkùn. Ojú ènìyàn á dú, aṣọ funfun á di ẹlẹ́rẹ̀, síbẹ̀ dúdú inú rẹ̀ kò ní jinlẹ̀. Fọ́tò tí ó ṣókùnkùn yàtọ̀ sí fọ́tò tí dúdú rẹ̀ dú.

Kọ̀ǹpútà ń fi nọ́ńbà ka ìmọ́lẹ̀. 0 ni dúdú pátápátá. 255 ni funfun pátápátá. Bí ibi tó dú jù nínú fọ́tò bá jẹ́ 40, kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè tẹ dúdú kirikiri jáde. Ẹ lọ sí Levels, kí ẹ fa àmì dúdú ti apá òsì wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ibi tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ojú àti awọ ara sílẹ̀ ní ààyè wọn. Adúmáadán ní dídán tirẹ̀. Ẹ má pa á.

Ayàwòrán J. D. ’Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930, tí ó sì kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ ní 1968 sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní fọ́tò dúdú àti funfun. Nínú àwọn fọ́tò náà, irun dú, síbẹ̀ a lè rí bí wọ́n ti dì í. Ilé òkùnkùn ni iṣẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ íǹkì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: dúdú tó dára kì í gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ mì.

Báwo ni a ó ṣe mọ ibi tí ẹ̀rọ tiwa ń gbà á mì? Ẹ ya àpótí kékeré mẹ́wàá sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fún àkọ́kọ́ ní 0, èkejì ní 5, ẹ̀kẹta ní 10, títí dé 45. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí ẹ ń lò. Bí àpótí 0, 5, 10 àti 15 bá di ọ̀kan náà, tí 20 sì bẹ̀rẹ̀ sí yàtọ̀, ẹ ti mọ̀ pé ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ kí ènìyàn rí nínú etù náà gbọ́dọ̀ tó 20 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sára páálí bébà yín. Bí ẹ bá yí bébà padà, ẹ tún un ṣe.

Ẹ má sì jẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ jù. Ojú kọ̀ǹpútà ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, bébà kò ní iná nínú. Bí èkíní bá mọ́lẹ̀ jù, ó ń tan ayàwòrán jẹ.

8. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ

Fọ́tò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì parí. Àwọ̀ a máa yí díẹ̀ bí íǹkì ti ń gbẹ. Ẹ má kó o lé ara wọn. Kí ẹ tó fi fọ́tò sínú férémù onídígí, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún wákàtí 24. Ní àkókò òjò, ẹ di bébà tí ó kù sínú ọ̀rá rẹ̀ padà, nítorí ọ̀rinrin ń ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ẹ má gbé fọ́tò íǹkì aláró kọ́ sí ibi tí oòrùn ń kàn án. Dúdú rẹ̀ yóò ṣá kí ọdún tó yí po.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wo bébà, ẹ wo íǹkì, ẹ ka Paper Type, ẹ yẹ ihò wò, ẹ tún dúdú inú fọ́tò ṣe, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Bí ẹ bá tẹ̀ lé e báyìí, ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò rí etù bàbá rẹ̀ bí etù, yóò sì rí ojú bàbá rẹ̀ bí ojú bàbá rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí títì ọ̀dà fi ń dú nígbà tí òjò bá pa á?
2. Báwo ni a ṣe ń mọ ojú bébà fọ́tò tí kò dán?
3. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín íǹkì aláró àti íǹkì oníyẹ̀fun?
4. Ka àwọn ọ̀rọ̀ yìí síta, kí o sì sọ ìtumọ̀ wọn: Paper Type, Plain, Glossy, Matte, High.
5. Nínú ẹ̀rọ tí ń fi àwọ̀ mẹ́ta ṣe dúdú, bí dúdú bá ń ṣe bí ewé, àwọ̀ wo ni kò jáde?
6. Iṣẹ́ ilé: Lọ sí ìsọ̀ ayàwòrán tí ó sún mọ́ ọ. Bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí o ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò íǹkì rẹ̀ àti sára páálí bébà rẹ̀. Kọ wọ́n sínú ìwé rẹ, kí o mú un wá sí kíláàsì.